Wọ́n Rán Sójà Níṣẹ́ Ẹrú

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fa ọ̀rọ̀, ó sì dùn mí débi pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ tán tí mo ṣì ń bá a fà nínú ọkàn mi. Eré kan la jọ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn eré tí wọ́n ti máa ń gbé sójà lọ sí kọ́ọ̀tù àwọn sójà fúnra wọn, ẹ mọ irú ẹ̀, ọ̀gá sójà kan jókòó nínú yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ tó ń dán, àmì ẹ̀yẹ kún gbogbo àyà ẹ̀, lọ́yà ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń bi í pé ta ló ní kẹ́ ẹ yìnbọn. Mo fẹ́ràn irú eré yẹn gan-an, kò sí èyí tí mo bá rí tí mi ò ní wò dópin. Bọ̀ọ̀dá mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Sójà làwọn náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, ohun tójú wọn rí lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n ṣe dá ọkùnrin inú eré yẹn lẹ́bi báyìí ni Bọ̀ọ̀dá mi dìde, wọ́n ní, "Gbogbo àwọn tó ń dájọ́ yẹn, orí àga ni wọ́n wà. Ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́, inú ẹrẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó kú ńkọ́? Ṣé inú ẹrẹ̀ kan náà kọ́ làwọn náà wà ni?" Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n wọlé lọ sùn.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka àwọn ẹjọ́ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, èyí tó jẹ́ pé kì í ṣe eré, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń sọ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tílẹ̀ mọ́, torí òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní àwa tá ò jagun rí máa ń rò pé torí àsíà tàbí torí ìlú ni sójà ṣe ń kú. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìbọn bá ti ń dún, àsíà ò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni, ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ nìkan lo mọ̀, torí òun ló máa wọ́ ẹ jáde bí ọta bá bà ẹ́, ìwọ náà lo máa wọ́ òun, ike omi kan náà lẹ jọ ń mu, o mọ orúkọ ìyá ẹ̀, o mọ orúkọ ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ bó bá dé ilé. Bí ọ̀gá bá wá ní "ẹ yìn ín," o ò lè dúró máa bi í pé kí ló dé, torí àkókò díẹ̀ tó o fi ń bèèrè yẹn lè jẹ́ ìgbà tẹ́ni ẹ̀gbẹ́ ẹ máa kú. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti dé bárékè ni wọ́n ti ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n á jí wọn lóru, wọ́n á kígbe mọ́ wọn, dìde, dọ̀bálẹ̀, sáré, títí ara á fi máa gbọ́ràn kí ọpọlọ tó débẹ̀. "Ẹ fi odindi ọdún kọ́ èèyàn pé kó má bèèrè," Bọ̀ọ̀dá mi ló ń sọ̀rọ̀ o, "ẹ tún wá gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù pé kí ló dé tí ò fi bèèrè."

Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò tíì rí èsì tó pé fún un.

Ohun tó sì jẹ́ kí kọ́ọ̀tù àwọn sójà yàtọ̀ sí èyí táwa ará ìlú mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń pẹjọ́ wọ yunifọ́ọ̀mù, ẹni tó ń gbèjà wọ̀ ọ́, àwọn tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà wọ̀ ọ́, láwọn ilẹ̀ kan sì rèé, ọ̀gá ológun ló ń yan àwọn tó máa jókòó. Ẹjọ́ inú ẹbí ni. Bí mo bá ń wo irú eré bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ mọ ẹni tó pààyàn, ìyẹn kì í pẹ́ hàn. Ẹni tó máa kọ́kọ́ la ẹnu ni mo máa ń wò, torí ẹni tó bá jẹ́rìí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ sùn nínú ihò kan lòjò ló ń jẹ́rìí takò, bó bá sì jẹ́rìí tán, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n á máa pè é títí táyé fi máa parí, bó bá sì dákẹ́, àwọn òkú tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ò lẹ́nu tí wọ́n máa fi sọ tiwọn.

Mo pa òwe fún Bọ̀ọ̀dá mi. Mo ní àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó pa òwe yẹn ò wọ bárékè rí, wọ́n ní ojú ogun ò ní àyè téèyàn ti ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́.

Àmọ́ mo ti rí àwọn tó sọ ohun tó jọ òwe yẹn nínú kọ́ọ̀tù. Lóṣù June 1918, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní U-86 fi bọ́ǹbù rì Llandovery Castle, ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ará Kánádà. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi náà rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, ó ní kí wọ́n máa yìnbọn lu àwọn tó ti bọ́ sínú ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fẹ́ fi sá àsálà, kó má bàa sí ẹlẹ́rìí. Èèyàn 234 ló kú, 24 péré ló yè. Ọ̀gá náà wá gba ìlérí lẹ́nu àwọn ọmọ ẹ̀ pé wọn ò ní sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n máa gbé ẹjọ́ náà dé kọ́ọ̀tù ní Leipzig, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1921, ọwọ́ ò tẹ ọ̀gá, àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀ méjì, Dithmar àti Boldt, ni wọ́n rí mú, àwọn yẹn sì dúró níwájú adájọ́, wọ́n ní àwọn ti ṣèlérí fún ọ̀gá àwọn, àwọn ò ní sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìyẹn ná. Ọ̀gá ti sá lọ, ìlérí tí wọ́n ṣe fún un ló wá ń so wọ́n lẹ́nu. Kọ́ọ̀tù ní àṣẹ tí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ó lòdì sófin, ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà máa ru ẹrù ẹ̀, ló bá jù wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún 4 ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì lò ó tán kí wọ́n tó ráyè sá kúrò níbẹ̀.

Ti Kafr Qasim nílẹ̀ Ísírẹ́lì ló tún gbà mí lọ́kàn ju ìyẹn lọ. October 29, 1956 ni, ogun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n wá ṣòfin kónílé-ó-gbélé fáwọn abúlé Lárúbáwá tó wà nítòsí ẹnubodè, pé láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹni tí wọ́n bá rí níta, kí wọ́n yìnbọn fún un. Àwọn tó wà lóko àti lẹ́nu iṣẹ́ ò gbọ́. Wọ́n ń bọ̀ nílé bí wọ́n ṣe máa ń bọ̀ lójoojúmọ́, àwọn kan lórí kẹ̀kẹ́, àwọn kan nínú ọkọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa èèyàn tó lé ní 40, obìnrin àtọmọdé wà nínú wọn. Ohun tó mú mi gbé ọ̀rọ̀ náà wá rèé: láwọn abúlé mìíràn tó wà lágbègbè kan náà, àwọn ọ̀gá tó wà níbẹ̀ gba àṣẹ kan náà, wọ́n sì jẹ́ káwọn èèyàn wọlé lọ bá àwọn ọmọ wọn. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n rán wọn o, lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà nígbà tí Bọ̀ọ̀dá mi ní kò sí àyè, mo ní àyè wà, àwọn kan rí i.

Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ yẹn ní kọ́ọ̀tù ológun, Benjamin Halevy, ló sọ pé àwọn àṣẹ kan wà tó jẹ́ pé àsíà dúdú ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí wọn, tó ń kìlọ̀ fẹ́ni tó bá gbé ojú sókè pé má ṣe é. Wọ́n dá àwọn tó yìnbọn àti ọ̀gá tó wà lójú ibẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀gá àgbà tí àṣẹ náà ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá, ẹjọ́ tiẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, owó ìtanràn tí wọ́n ní kó san jẹ́ prutah 10. Owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni prutah nígbà yẹn, wọ́n sì ní 1,000 nínú ẹ̀ ló ń jẹ́ lírà 1. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí mò ń lọ látàárọ̀. My Lai ni, abúlé kan ní Vietnam.

Ikọ̀ sójà Amẹ́ríkà kan wà tí wọ́n ń pè ní Charlie Company, wọ́n dé Vietnam ní December 1967. Láàárín oṣù díẹ̀, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ti pa lára wọn, ó ti gé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn, wọn ò sì tíì rí ojú ọ̀tá tó ń ṣe é fún wọn. Ní March 14, 1968, sájẹ́ǹtì wọn kan tí wọ́n fẹ́ràn tún bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣe ìsìn ìrántí fún un, lẹ́yìn ìsìn yẹn ni ọ̀gá wọn, Captain Ernest Medina, wá sọ iṣẹ́ ọ̀la fún wọn, pé abúlé kan wà tí ọ̀tá kún inú ẹ̀, pé bó bá fi máa di agogo méje àárọ̀, àwọn ará ìlú á ti lọ sọ́jà, ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀, ọ̀tá ni. Ẹ rí bí ọ̀rọ̀ ìdúrótira-ẹni ṣe wọ ibẹ̀. Òkú ọ̀rẹ́ wọn ṣì tutù lójú wọn nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ yẹn. Bọ̀ọ̀dá mi mọ irú alẹ́ yẹn, mo rí i lójú wọn nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ilẹ̀ mọ́, March 16, wọ́n débẹ̀, wọn ò bá ọ̀tá kankan. Àwọn ìyá, àwọn arúgbó, àwọn ọmọdé tó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n bá. Kò sẹ́ni tó yìnbọn lù wọ́n. Wọ́n pa wọ́n láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n kó àwọn kan jọ sẹ́bàá kòtò, Lieutenant William Calley, ọmọ ọdún 24, ló ń darí ikọ̀ tó ṣe ti ibi kòtò yẹn, òun fúnra ẹ̀ náà sì yìnbọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní èèyàn 347 ló kú, àwọn ará Vietnam kọ orúkọ 504 síbẹ̀. Sójà Amẹ́ríkà kan ṣoṣo ló fara pa, ìbọn ara ẹ̀ ló sì bà á lẹ́sẹ̀.

Ìròyìn tí àwọn ológun gbé jáde lẹ́yìn ẹ̀ ni pé àwọn pa ọ̀tá 128, àwọn sì gba ìbọn 3.

Nígbà tí mo ka gbólóhùn yẹn fún Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìbọn mẹ́ta?" Mo ní ìbọn mẹ́ta. Wọ́n ní gbogbo sójà tó bá gbọ́ ìyẹn, láti orí ẹni tó kéré jù dé orí Ọ̀gágun, mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún sọ ọ́: ìbọn mẹ́ta lọ́wọ́ èèyàn 128. Láti ibẹ̀ lọ ni wọn ò bá mi jiyàn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọdún kan àtààbọ̀ lọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀ tí wọ́n bò ó. Sójà kan tó ń jẹ́ Ron Ridenhour, tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ pé ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, ló jókòó kọ lẹ́tà ní March 1969 sáwọn aṣòfin àtàwọn ọ̀gá nílé iṣẹ́ ológun, nǹkan bí 30 lẹ́tà. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni wọ́n sọ fún un, ó sì gbé e jáde. Mo ti ro ti ọkùnrin yẹn títí. Ronald Haeberle náà wà, ayàwòrán àwọn ológun, kàmẹ́rà ìjọba wà lọ́rùn ẹ̀ lọ́jọ́ náà, tiẹ̀ náà wà, àwọn fótò tó fi tiẹ̀ yà ló jẹ́ kí ayé rí òkú àwọn ọmọdé lójú ọ̀nà nígbà tí ìwé ìròyìn gbé e jáde ní November 1969.

Ẹjọ́ Calley bẹ̀rẹ̀ ní Fort Benning, ní Georgia, ní November 1970. Ọ̀gá sójà 6 ló jókòó gbọ́ ọ, púpọ̀ nínú wọn sì ti jagun ní Vietnam fúnra wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ orí àga tí Bọ̀ọ̀dá mi sọ yẹn kò bá wọn wí. Ẹni tó ń pẹjọ́, Captain Aubrey Daniel, ọ̀dọ́ ni, kò tíì pé 30 ọdún. Ó pe Paul Meadlo wá jẹ́rìí, ọ̀kan nínú àwọn tí Calley ní kó yìnbọn síbi kòtò. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa àwọn èèyàn yẹn ni bọ́ǹbù gé ẹsẹ̀ Meadlo, bí hẹlikópítà ṣe fẹ́ gbé e lọ, àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ tó ń pariwo mọ́ Calley pé Ọlọ́run ti fìyà jẹ òun, yóò sì jẹ tìẹ náà. Nínú kọ́ọ̀tù, ó kọ́kọ́ kọ̀, kò fẹ́ sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n fún un ní ààbò pé wọn ò ní fi ohun tó bá sọ mú un ló tó la ẹnu.

Calley náà jẹ́rìí. Ó ní wọ́n rán òun ni. Ó ní Medina ló ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Medina wá, ó ní òun ò sọ pé kí wọ́n pa obìnrin àtọmọdé. Adájọ́ náà, Reid Kennedy, ṣàlàyé fún àwọn mẹ́fà yẹn pé bí ẹni tó ní làákàyè tó mọ níwọ̀n bá máa mọ̀ pé àṣẹ náà ò bófin mu, "wọ́n rán mi ni" ò ní gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọjọ́ 13 ni wọ́n fi jókòó tì í. Ní March 29, 1971, wọ́n dá a lẹ́bi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa èèyàn tí kò dín ní 22, wọ́n ní kó lọ lo gbogbo ayé ẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ni gbogbo Amẹ́ríkà bá gbiná. Lẹ́tà àti wáyà ń ya wọ ilé ìjọba, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń gbèjà Calley. Àwọn tó fẹ́ràn ogun ní wọ́n fìyà jẹ sójà tó ṣiṣẹ́ ẹ̀, àwọn tó kórìíra ogun ní ọmọ kékeré ni wọ́n mú, wọ́n fi àwọn àgbà sílẹ̀, apá méjèèjì ń bínú lórí ọkùnrin kan náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Ààrẹ Nixon ní kí wọ́n mú un kúrò ní àtìmọ́lé, kó lọ máa gbé inú ilé ẹ̀ ní bárékè. Captain Daniel kọ lẹ́tà sí Ààrẹ, pé ohun tó ṣe yẹn ba iṣẹ́ kọ́ọ̀tù jẹ́. Sójà tó kéré bẹ́ẹ̀ o, sí Ààrẹ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà pátápátá fún gbogbo ológun! Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìdúróṣinṣin, mo máa fi lẹ́tà yẹn hàn án. Wọ́n gé ẹ̀wọ̀n náà sí ọdún 20, wọ́n tún gé e sí 10, nígbà tó fi máa di 1974 Calley ti ń rìn káàkiri. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lórí My Lai, òun nìkan ni wọ́n dá lẹ́bi.

Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kò yẹ kí òun nìkan ru ẹ̀bi náà. Àmọ́ mi ò gbà pé kí wọ́n torí ìyẹn sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn ò sọ pé ẹni tó gbé e kì í ṣolè. Olè ni àwọn méjèèjì, ẹni tó dúró nísàlẹ̀ tó na ọwọ́ gba ìkòkò, tó jẹ́ pé bí kò bá sí níbẹ̀ epo ò ní kúrò lájà, òun làwọn àgbà ní ká wò dáadáa.

Ẹ wo Medina. Kò jìnnà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbọn ń dún fún wákàtí bíi mélòó. September 1971, wọ́n gbé e dé kọ́ọ̀tù, àwọn tó jókòó ò lò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ kí wọ́n tó ní kò jẹ̀bi, torí adájọ́ ti sọ fún wọn pé àfi bó bá mọ̀ lóòótọ́ ohun táwọn ọmọ ẹ̀ ń ṣe. Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Amẹ́ríkà yìí kan náà ṣe fún Ọ̀gágun Tomoyuki Yamashita ti ilẹ̀ Japan. Àwọn sójà tó wà lábẹ́ ẹ̀ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ìlú Manila, nílẹ̀ Philippines, lọ́dún 1945. Òun ò sí ní Manila, àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀ ní àwọn Amẹ́ríkà ti já okùn ìbánisọ̀rọ̀ ẹ̀, kò mọ̀. Àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà 5 tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ọ̀gá ni, ó yẹ kó kó àwọn ọmọ ẹ̀ níjàánu. Ẹjọ́ náà dé kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, adájọ́ 2 ní àwọn ò fara mọ́ ọn, Murphy àti Rutledge, síbẹ̀ wọ́n gbé e kọ́ ní February 23, 1946.

Ẹni tó jìnnà, tí wọ́n ní kò mọ̀, wọ́n so ó kọ́. Ẹni tó wà nítòsí tí ìbọn ń dún sétí ẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, èkejì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tó ń dá ẹjọ́ náà. Lónìí, òfin tí wọ́n kọ ní Rome lọ́dún 1998 fún kọ́ọ̀tù ìwà ọ̀daràn àgbáyé (ICC) tó wà ní The Hague ní ọ̀gá tó mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀, tí kò dá àwọn ọmọ ẹ̀ lẹ́kun, máa jẹ́jọ́. "Tó yẹ kó mọ̀." Ká ní ìlànà yẹn wà níwájú àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ Medina, mo rò pé wọn ì bá lò ju wákàtí kan lọ.

Ohun tó kù tí mo kà fún Bọ̀ọ̀dá mi ni ti Hugh Thompson, òun ló jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. Awakọ̀ hẹlikópítà ni, ọmọ ọdún 24, ó ń fò lórí My Lai lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn méjì, Glenn Andreotta, ọmọ ọdún 20, àti Lawrence Colburn, ọmọ ọdún 18. Wọ́n rí òkú. Wọ́n tún rí àwọn kan tó ṣì wà láàyè tí wọ́n sá sínú ihò, àwọn sójà Amẹ́ríkà sì ń lọ bá wọn. Thompson sọ hẹlikópítà ẹ̀ kalẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Ó ní kí Colburn àti Andreotta gbé ìbọn, pé òun fẹ́ lọ mú àwọn èèyàn yẹn jáde, bí àwọn sójà bá yìnbọn lù wọ́n, kí wọ́n yìnbọn lu àwọn sójà náà. Ó wá rìn lọ síwájú fúnra ẹ̀. Ó kó wọn jáde, ó pe hẹlikópítà mìíràn wá gbé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún balẹ̀ síbi kòtò, Andreotta rìn wọ àárín òkú, ó gbé ọmọ kékeré kan tó ṣì ń mí jáde. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ tóun náà kú sógun.

Àwọn kan pe Thompson ní ọ̀dàlẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń fi òkú ẹran síwájú ilé ẹ̀, aṣòfin kan tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ òun dípò àwọn tó pààyàn.

Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá mi máa bi mí léèrè nípa Thompson. Wọn ò bi mí. Ti Colburn ni wọ́n bèèrè. Wọ́n ní, "Ọmọ ọdún méjìdínlógún yẹn, ó gbé ìbọn tí wọ́n ní kó gbé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Sí àwọn tí wọ́n jọ wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Òun náà tẹ̀ lé ọ̀gá ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ẹ̀ ló lọ síwájú." Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ń kà á bí ìtàn ẹni tó kọ àṣẹ, Bọ̀ọ̀dá mi ló fi hàn mí pé àwọn ọmọ méjì gbọ́ràn níbẹ̀, láìbèèrè, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn gan-an, sí ọ̀gá tó jẹ́ pé bí ìbọn bá dún, ara tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bà.

Ọdún 1998 ni wọ́n tó fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ tó bá ohun tí wọ́n ṣe mu. Lọ́dún yẹn náà ni Thompson àti Colburn padà lọ sí My Lai, wọ́n rí lára àwọn obìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀. Thompson ló sọ ọ́ pé obìnrin kan bi òun pé kí ló dé tí àwọn tó ṣe é ò bá yín wá. Ó ní ọkàn òun bàjẹ́. Obìnrin náà wá parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó ní kí àwọn lè dárí jì wọ́n ni.

Ọdún 11 lẹ́yìn ìyẹn, ní August 2009, Calley dìde níwájú ẹgbẹ́ kan ní Columbus, ní Georgia, ó tọrọ àforíjì fáwọn ará My Lai, ó ní kò sí ọjọ́ kan tó kọjá tí kì í dun òun. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí ò fi kọ iṣẹ́ náà. Ó ní ọ̀gá òun ló pàṣẹ fóun, òun sì tẹ̀ lé e, ó ní òun rò pé ìwà òmùgọ̀ ló jẹ́.

Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n ka ibi tó parí sí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á. Wọ́n ní ó dáa, kí n pa iná, ilẹ̀ ti ṣú.